Ẹjọ́ Kòkòrò àti Ẹ̀fọ́ Àwẹ̀ró

Ọdẹ́wálé, àgbẹ̀ oníṣu kan ní abúlé Ìdí-Ìyeyè, kò lẹ́gbẹ́ bó bá di ká roko kó mọ́. Koríko tó bá yọjú lẹ́sẹ̀ ebè rẹ̀ lónìí kì í rí ọ̀la. Àwẹ̀ró aya rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ìgbálẹ̀ gbá oko. Wọ́n ti pẹ́ pọ̀. Ọmọ́wùmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ, ó wá ku àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń wojú ara wọn.

Lọ́dún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibà dá Àwẹ̀ró wó. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gba oúnjẹ mọ́. Ọdẹ́wálé gúnyán, Àwẹ̀ró tì í sẹ́yìn. Ọkọ po ẹ̀kọ, aya fẹnu kàn án, ó gbé e sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ gbà, ìyẹn náà, àfi èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sí àkùrọ̀ etí odò. Àyà ọkọ ń já, nítorí ojoojúmọ́ ni apá ìyàwó rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Ló bá fi oko iṣu sílẹ̀, ó di olóko ẹ̀fọ́.

"Ẹ rọra o, Bàbá Ọmọ́wùmí," ni Àwẹ̀ró wí lórí ẹní. "Iṣẹ́ obìnrin lẹ̀fọ́."

"Èmi tí mò ń kọ igba ebè lóòjọ́," ni ọkọ dáhùn, "kí ló wà nínú ẹ̀fọ́?"

Ẹ gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé àkùrọ̀, efinrin ló hù yí oko ká, imí eṣú sì kún àárín poro, ewé wúruwùru tí òórùn rẹ̀ ń gún ni nímú. Ó rò pé ibà ni kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró ráyè roko, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó tu gbogbo rẹ̀ pátá. Òróró ara ewé náà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fọṣẹ wẹ̀ ẹ́ títí, òórùn kò lọ. Ó bomi rin tẹ̀tẹ̀, ó da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ewé mélòó kan péré ló ń já fún Àwẹ̀ró lóòjọ́, kí ìyókù lè gbó dáadáa. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀fọ́ tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní ọ̀la lòun yóò já a.

Ọ̀la dé, kòkòrò ti ṣáájú rẹ̀ dé. Igi ẹ̀fọ́ lásán ló ṣẹ́kù. Ọdẹ́wálé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo tó ń retí ẹ̀fọ́ náà ló ń sunkún fún. Ó mú kòkòrò tó sanra jù níbẹ̀, ó fi ewé wé e, ó gbé e relé.

"Àwẹ̀ró, ọ̀daràn rè é. Ó jẹ oúnjẹ rẹ. Ìwọ ni kí o dá a lẹ́jọ́."

Àwẹ̀ró wo kòkòrò, ó wo ọkọ rẹ̀. "Efinrin mi ńkọ́? Imí eṣú ńkọ́?"

"Mo ti tu wọ́n. Wọ́n ń ba ẹwà oko jẹ́."

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ibà ti dá a wó, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. "Ọkọ mi, ẹ̀ṣọ́ lẹ tú ká yẹn. Òórùn wọn ni kòkòrò ń sá fún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí oko mi rí wúruwùru ni. Ẹ wá bọ́ ẹ̀fọ́ yó, ẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ lé ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ. Kí ni kòkòrò ì bá ṣe? Ẹ tú u sílẹ̀, ó jàre."

Àfi bí ẹni pé ẹ̀rín náà ló la ọ̀fun rẹ̀, ó mu ẹ̀kọ ìlàjì igbá lọ́sàn-án yẹn. Ọdẹ́wálé lọ gún efinrin ẹ̀yìnkùlé, ó pò ó mọ́ omi, ó fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára igi ẹ̀fọ́ tó kù. Ó tún gbin imí eṣú padà, òun àgbẹ̀ tí kì í fẹ́ rí koríko sójú. Ẹ̀fọ́ tún rúwé. Àwẹ̀ró jẹ àwo kan, ó ní kí ọkọ òun bu èkejì wá. Ewé ọ̀hún ní ihò níhìn-ín lọ́hùn-ún, kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n ó dénú abọ́. Gbogbo Ìdí-Ìyeyè ló sì gbọ́ ẹjọ́ tí Àwẹ̀ró dá.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé kòkòrò tó jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ.