Afárá Àkùkọ

"Àlọ́ o!"
"Àlọ̀!"
"Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé ogbe orí Àkùkọ."
"Kí ni Àkùkọ ṣe, Ìyá àgbà?"

Ẹ̀yin ọmọ, Àkùkọ ló ń ṣojú abúlé Etídò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó fẹ́ràn àga ibẹ̀ ju àgbàdo lọ. Nígbà ìbò àkọ́kọ́, ó ṣèlérí afárá, wọ́n dìbò fún un. Nígbà ìbò kejì, ó ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà," wọ́n tún dìbò fún un. Síbẹ̀, ọkọ̀ Ọ̀pọ̀lọ́ ni gbogbo abúlé fi ń sọdá odò.

Ìbò kẹta bọ́ sí àsìkò òjò, òdìkejì odò sì ni wọ́n ti ń dìbò. Ní Etídò, ẹ̀yìn olùdíje ni wọ́n ń tò sí láti dìbò fún un. Olùdíje tí kò bá wá, kò ní ẹ̀yìn tí wọn yóò tò sí. Àkùkọ sáré dé etí odò, omi ti kún àkúnya.

"Ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀rẹ́ mi, gbé mi sọdá!"

"Háà, Ọnọrébù! Ẹ kú ìrìn o. Àwọn olùdìbò ti kún ọkọ̀."

Ni àwọn èrò ọkọ̀ bá bú sórin. Ẹ bá wọn gbè é:

"Àkùkọ, afárá dà?"
"Ó ń bọ̀ lọ́nà!"
"Ẹlẹ́nu dídùn, afárá dà?"
"Ó ń bọ̀ lọ́nà!"

"Ẹ dákun, àga mi ń lọ!"

Ọ̀pọ̀lọ́ ti ń wa ọkọ̀ lọ. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín:

"Ẹ fara balẹ̀, Ọnọrébù. Ẹ dúró síbẹ̀ kí afárá yín dé!"