Ẹ̀jẹ̀ Kò Mọ “A Dúpẹ́” í Sọ

Mórákinyọ̀, ọmọ mi, kápẹ́ńtà àgbà kan wà ní ìlú olókè kan ní Èkìtì. Fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ìwà rẹ àti tirẹ̀ jọra. Ọkùnrin náà níwà pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ládùúgbò. Ọkàn rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti rẹ ọkàn náà, kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara bó ṣe yẹ. Dókítà ti sọ fún un pé àìsàn yìí kì í lọ bọ̀rọ̀, pé oògùn ni yóò máa lò sí i, àti pé bó bá ti rí i pé ara ń yí padà, kó tètè sọ.

Sísọ gan-an ni kò lè sọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bí wọ́n bá béèrè àlàáfíà ẹni, “a dúpẹ́” làá fi dáhùn. Ẹ̀kọ́ rere ni, èmi náà ń sọ ọ́. Àmọ́ tirẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀ á ní, “Bàbá Fọlárìn, ṣé ẹ sùn dáadáa?” A dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀, nínú yàrá tirẹ̀, ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń fẹ̀yìn tì sùn, torí bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, kì í lè mí. “Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?” A dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀, bàtà kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó ní sálúbàtà ló kàn wu òun.

Tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ń gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á rìn díẹ̀, á dúró kí ẹni tó ń dín àkàrà. Á kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ wọn pàápàá. Àwọn ènìyàn ní ọkùnrin yìí mà lọ́yàyà o. Èémí ló ń wá, kì í ṣe ewúrẹ́.

Má rò pé òpùrọ́ ni. Lọ́jọ́ tí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ àìsàn náà, ìyàwó rẹ̀ sunkún, kò sì fi oúnjẹ kan ẹnu fún ọjọ́ méjì. Ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní jẹ́ kó sunkún bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, àwọn méjèèjì lọ. Dókítà, ọmọbìnrin kan tó lè bí lọ́mọ, bi í bí ara ṣe rí. Ó ní a dúpẹ́. Dókítà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó dúró títí èsì fi dé. Dókítà wo ìwé tuntun náà, ó tún wo ti àtijọ́.

“Bàbá,” ló wí, “bí iṣẹ́ bá wọ ọkàn lọ́rùn, ohun kan wà tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wàhálà ọkàn bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà ń pọ̀ sí i. Tiyín ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tó wà nígbà tẹ́ ẹ wá kẹ́yìn. Ẹnu yín ní a dúpẹ́, ẹ̀jẹ̀ yín ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọkùnrin náà yíjú wo ìyàwó rẹ̀. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

“Láti ìgbà òjò ni mo ti ń bi yín,” ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. “Ẹ̀jẹ̀ yín wá sọ fún àlejò, ẹ̀yin ò sọ fún mi.”

Dókítà ní ìwé ọwọ́ òun fi hàn pé ọkàn ń jìyà, àmọ́ kò sọ ohun tó fà á. Bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìyẹn. Ló bá ya ẹnu. Ó sọ ti ìrọ̀rí, ó sọ ti sálúbàtà. Ó jẹ́wọ́ pé oògùn tó ń mú òun tọ̀ kì í jẹ́ kí òun gbádùn ìsìn, pé òun kọ́kọ́ ń fo ti ọjọ́ Àìkú, kó tó di pé òun ń fo ti ọjọ́ mìíràn náà. Nígbà tó dé orí ewúrẹ́ tó ń kí, ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ẹkún tí ọkùnrin náà ti ń sá fún dé, ó sì rí i pé òun lè gbà á mọ́ra. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

Wọ́n tún oògùn rẹ̀ ṣe, ó sì ń lò ó déédéé. Nígbà tí wọ́n padà lọ, nǹkan náà ti wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gun òkè nísinsìnyí, á ní, “Ìyá Fọlárìn, ó ti rẹ̀ mí,” àwọn méjèèjì á sì jókòó.

Mórákinyọ̀, ọmọ mi, o ti rù. Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé o kì í jẹun tán mọ́, pé bí òun bá bi ọ́, o ní kò séwu. Èmi kò mọ ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Kò sì sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ kí wọ́n ka ìyẹn níbẹ̀. Ẹnu rẹ nìkan ni obìnrin yẹn ní. Bó bá bi ọ́ lónìí, kọ́kọ́ dá a lóhùn, kí o tó dúpẹ́.