Fóònù Tí Wọ́n Lẹ̀ Pinpin

Fa àga yẹn súnmọ́ mi, Oyèdìran. O ti sọ tìrẹ, mo sì ti gbọ́: o ní ó ti tán láàárín ìwọ àti ìyàwó rẹ, o ò sì fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó dáa. Gbọ́ tèmi náà.

Ọkùnrin kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu ìyá rẹ̀. Kí àìsàn náà tó dé, ìyá yìí a máa ki oríkì rẹ̀ láràárọ̀, bó tilẹ̀ ti di bàbá ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ gba ohùn ìyá sílẹ̀ sórí fóònù níbi tó ti ń kì í. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn náà wà. Nígbà tí ìyá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọmọ á tẹ̀ ẹ́ fún un ní òwúrọ̀, ìyá á gbọ́ ohùn ara rẹ̀, á di ọmọ lọ́wọ́ mú, á máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ dé tí fóònù náà kú. Ó fi í sí iná, kò tàn. Ó gbé e sínú fìríìsà, torí pé àwọn ará àdúgbò ní bó ṣe máa ń jí nìyẹn. Fìríìsà! Ẹ gbà mí o. Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ẹni tó ń tajà ní òkú ni, kó jù ú nù, kó mú tuntun.

"Ohùn ìyá mi ńkọ́?"

Onítọ̀hún ní ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ti bá a lọ. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún níṣojú gbogbo èèyàn.

Obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló pè é. "Bàbá, ẹ jẹ́ n wò ó ná." Ó wá ibi tí yóò ti ṣí i, kò rí. Gọ́ọ̀mù ni àwọn tó ṣe é fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pinpin, bí ẹni pé wọn ò fẹ́ kí ọwọ́ kankan kan inú rẹ̀ mọ́ láéláé. Èyí máa ń bí mi nínú! Mo gbọ́ pé àwọn ìlú kan ti ń ṣòfin pé kí wọ́n máa ṣe fóònù tí ẹni tó ni í á lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọlọ́run á bù kún àwọn tó rò ó.

Obìnrin náà ò kánjú. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀ títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀. Ó yọ bátìrì, ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ìka ta á, ló bá ń yí bí òkòtó. Èyí tó dáa máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni. Èyí tó ti wú níkùn ló ń yí.

"Ẹ wò ó, bàbá. Fóònù yín ò kú. Eléyìí nìkan ló kú."

Ó fi òmíràn sí i. Fóònù tàn, ohùn ìyá sì jáde, ó ń ki ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó tó ọmọ bíbí inú rẹ̀. Obìnrin náà yára dì í mú, òun náà ń nu ojú. Títí dòní, bí wọ́n bá ń gbàdúrà nílé ọkùnrin yìí, wọ́n ń dárúkọ obìnrin náà sí i.

Oyèdìran, ilé rẹ ò tíì kú. Ohun kan ló wú láàárín yín, o sì mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ sọ sí ọ níwájú ẹbí rẹ. Kò dáa, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ìwọ lo lẹ ara rẹ pinpin. Ó bẹ̀ ọ́, o ò ṣí. Ìyá rẹ bẹ̀ ọ́, o ò ṣí. Èmi náà rèé, mi ò rí ibi tí mo lè ki èékánná bọ̀.

Ìyàwó rẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi níta láti àárọ̀, kò lọ. Èèyàn mélòó ló rí irú rẹ̀ fẹ́? Dìde. Má tíì dá ọ̀rọ̀ ìjà sílẹ̀. Kọ́kọ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ kò tíì sú u.