Abẹ Ìbídùn

Lọ́jọ́ tí Ìbídùn tú ṣùkú tó ti gbé lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, irun tó bá òòyà jáde kún àwo. Àyà rẹ̀ já. Orí ìyá rẹ̀ ti pá kó tó pé ogójì ọdún, òun náà sì ti ń sún mọ́ ọn.

Ló bá ra abẹ, ó gbé àwo irun, ó sáré tọ Ìyá Jọlaadé, onídìrí rẹ̀, lọ.

“Màmá, ẹ bá mi fá a kanlẹ̀. Ó sàn ju kó máa já tán lójú mi lọ.”

Ìyá Jọlaadé tú irun inú àwo wò. “Kò sí ọjọ́ tí irun kì í já díẹ̀díẹ̀ lórí gbogbo wa. Èyí tó já lórí rẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, inú ṣùkú ló há sí. Ìyẹn kọ́ lẹ̀rù.”

Ó wá fọwọ́ tẹ ẹ̀bátí rẹ̀. Ìbídùn ké. Róro ti sú síbẹ̀, eteetí irun sì ti ń dán.

“Ẹ̀rù nìyí. Ta ló máa ń ní kí n fà á le, kó lè pẹ́? Ọmọ mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Jẹ́ kó sinmi. Bí ibẹ̀ ò bá hù, lọ rí dókítà.”

Ó gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ìbídùn padà wá dirí. Ìyá Jọlaadé ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ìlà àkọ́kọ́ ni ẹnu Ìbídùn yá: “Màmá, ẹ fà á le…”

Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ bo ẹnu.