Ọjọ́ Tí Gbogbo Ìlú Ń Jẹ́ Mégà

Wàhálà méjì ló dojú kọ àwọn ará Mégàpúrà lọ́dún tí à ń wí yìí: ọ̀kan wá láti ojú ọ̀run, ìkejì gun ẹṣin wá. Ti ojú ọ̀run ni òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí iyanrìn ti pọ̀ ju koríko lọ. Èyí tó gun ẹṣin ni Bálidéfù, olóyè ogun tó ń gbé inú odi olókùúta lórí òkè. Kànga tirẹ̀ ti gbẹ, ó wá ń wo kànga àwọn ará ìsàlẹ̀ bí ajá ṣe ń wo ẹran lọ́wọ́ ọmọdé. Kànga Mégàpúrà nìkan ló ṣì ń sun omi ní gbogbo agbègbè náà, Mégà ló sì gbẹ́ ẹ.

Mégà ọmọ Jámúnà! A-bá-àpáta-jà-má-rẹ̀ẹ́, ọkùnrin tó rí omi níbi tí alángbá ti ń wá òjìji. Lédè wọn, ìkùukùu tó ṣú fún òjò ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, orúkọ náà sì rò ó. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ lé àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nílé baba wọn, òun ló ṣíwájú wọn la aginjù kọjá, tó gún ọ̀pá mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi dọgoyárò kan, tó ní, "Ibí ni." Àwọn kan sọ pé oòrùn ti mú un lórí. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi kan òkúta, ó fọ́ òkúta títí ó fi kan omi, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ló sì kọ́kọ́ gbé ìkòkò wá. Bẹ́ẹ̀ lọmọ aráyé rí, kò sílùú tí wọn ò sí.

Bálidéfù wá ránṣẹ́ pé ilẹ̀ baba òun ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ó ní kí wọ́n fa Mégà lé òun lọ́wọ́ kí òun bẹ́ ẹ lórí, nítorí ó mọ̀ pé ìlú tí kò bá lólórí kò ní lè bá òun du kànga. Bí wọ́n bá kọ̀, òun á tiná bọ ìlú. Ọjọ́ tó dá ni ọjọ́ Hólì, ọdún àwọ̀, tí wọ́n fi ń kí ìgbà òtútù pé ó dàbọ̀, tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń da omi aláwọ̀ síra wọn lára, tí wọ́n ń fi lúbúlúbú oríṣiríṣi kun ara wọn lójú. Ó mọ̀ pé gbogbo ìlú á péjọ sójú kan lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú ohun ìjà dání. Ó rò ó dáadáa, àmọ́ ó gbàgbé nǹkan kan, ẹ ó sì rí i láìpẹ́.

Mégà pe ìlú jọ lábẹ́ igi dọgoyárò. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo kó yín wá síbí. Orí kan ni ọkùnrin yìí ń béèrè, orí kan náà ni mo sì ní. Bó bá dé, màá jáde sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ òkò o."

Nátù, alágbẹ̀dẹ ìlú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, ló dá a lóhùn. "Tó bá bẹ́ ọ lórí lónìí, kànga ńkọ́ lọ́la? Jókòó jàre. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, èmi arọ sì ti gbọ́."

Jámúnà, ìyá Mégà, dìde. Ìyá náà kò ga, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀, àwọn ràkúnmí pàápàá máa ń yí ọrùn padà. "Ẹnikẹ́ni ò ní kú nílé mi lọ́jọ́ ọdún. Ẹ lọ lọ àwọ̀. Ẹ dín gújíà. Ẹ pe àwọn àna yín, ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ̀ ń bá jà. Bí Bálidéfù bá máa bá wa, kó bá wa nínú ayọ̀. Bó bá sì máa pa wá, kó pa àwa tá a ti yó."

Wọ́n ṣe bó ṣe wí. Nígbà tí oòrùn gòkè dáadáa lọ́jọ́ Hólì, àwọn obìnrin ń dín gújíà, oúnjẹ dídùn tí wọ́n ṣẹ́ po bí oṣù tuntun, àwọn àgbàlagbà ń lé ara wọn kiri pẹ̀lú omi aláwọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ẹ̀rù náà gba ọdún lọ́wọ́ wọn. Àárín rẹ̀ ni Bálidéfù àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun ẹṣin wọlé.

Ó yíjú sí amí rẹ̀, ọkùnrin kan tó mọ Mégà dáadáa lọ́jà, ó ní kó nàka sí i. Amí wò títí, ó wá ń họ orí. Pupa lojú ẹni yìí, àwọ̀ ewé lojú tọ̀hún, ìdajì ojú ẹlòmíràn dúdú, ìdajì rẹ̀ rí bí ata ilẹ̀ pupa. Aṣọ funfun olówó àti àkísà òtòṣì ti di àwọ̀ kan náà. Ohun tí Bálidéfù gbàgbé rèé.

Ó fi ìbínú jágbe, "Ta ni Mégà nínú yín?"

Nátù fẹsẹ̀ wọ́ jáde. "Èmi ni."

"Èmi ni," ni Jámúnà wí.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa, olúwa mi, èmi ni," ni àgbẹ̀ kan wí lẹ́yìn. Bí ó ṣe kárí gbogbo agbo náà nìyẹn, títí dórí ọmọbìnrin kékeré kan tó fi gújíà sẹ́nu dáhùn.

Bálidéfù sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó fa idà yọ, ó di Nátù mú lọ́rùn. "Ó dáa. Ìwọ lo kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìwọ ni màá pa."

Nígbà náà ni ọkùnrin kan jáde láàárín èrò. "Fi í sílẹ̀. Èmi ni Mégà."

Bálidéfù bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà?"

Ẹ wo ọ̀ràn! Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, wọn ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Mégà kò dúró. Akọni tó bá àpáta wọ̀yá ìjà bu lúbúlúbú pupa kún ọwọ́ méjèèjì, ó rìn lọ bá idà náà. Ṣóńṣó idà kàn án láyà, ó na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àwọ̀ ra Bálidéfù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí àbúrò bá ń kun ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Hólì ni."

Òfin wà nílẹ̀ yẹn tó ju òfin olóyè ogun lọ: ẹni tí wọ́n bá ti kùn láwọ̀ lọ́jọ́ Hólì ti di ará ilé, kò sì gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú agbo ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun mọ̀ ọ́n, ìyá wọn ló kọ́ wọn. Ọ̀kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló kọ́kọ́ ti idà bọ àkọ̀. "Olúwa mi," ni ó wí, "Hólì ni o." Àwọn tó kù ṣe bẹ́ẹ̀. Nátù, tí ọrùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ olóyè, sì da ìgò omi aláwọ̀ kan sí láwàní funfun rẹ̀ lórí. Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dú. Èyí tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n pa fìlà òun alára láró.

Bálidéfù dúró, omi ń kán ní imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ ọrùn Nátù. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà tó yíjú sí Jámúnà. "Ìyá, ó ti parí. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ ṣáà sọ fún mi, èwo ni Mégà?"

Ìyá náà wo ojú pupa yẹn, ó fi gújíà lé e lọ́wọ́. "Ìwọ náà ni, ọmọ mi. Jẹun."

Ó jókòó, ó sì jẹun. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pọn omi lọ sí odi, ọwọ́ ara wọn ni Mégà àti Nátù fi bá wọn fà á. Láti ìgbà náà, gbogbo Hólì ni àwọn ará òkè ń sọ̀ kalẹ̀ wá, àwọ̀ ni wọ́n ń kó bọ̀, wọn kì í mú idà.

Àwọn ará Mégàpúrà ò gbẹ́ ère fún akọni wọn. Àwọn kan dábàá rẹ̀ rí, ni àwọn àgbà bá bi wọ́n pé ojú ta ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Hólì, bí àlejò bá wọlé tó béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, Mégà ni yóò gbọ́, látorí baálẹ̀ títí dórí ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bá dáhùn. Bí inú bá bí i, wọn á fi pupa ra á lẹ́rẹ̀kẹ́, wọn á mú un lọ sídìí kànga, wọn á sì bi òun náà pé kí lorúkọ rẹ̀. Ìgbà tó bá dáhùn dáadáa ni wọ́n tó ń fún un lómi mu.