Ọ̀pá Èémí Tí Akàn Gbé Lọ Sílé Àna

Nígbà láéláé, kí omi tó mọ ibi tí yóò gbà, akàn ń rìn tààrà. Ó ń rìn síwájú bí èmi àti ẹ̀yin, a sì máa yọ àyà díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Ní àkókò náà, ẹja nìkan ló lè mí lábẹ́ omi. Ẹranko mìíràn tó bá fẹ́ wọ odò lọ ṣiṣẹ́ ní láti gbé afẹ́fẹ́ dání. Inú akèrègbè ni wọ́n ń kó o sí. Wọn a pọn akèrègbè sẹ́yìn, wọn a so ọ̀pá èémí mọ́ ọn, wọn a ti ẹnu ọ̀pá náà bọ ẹnu, wọn a sì máa mí díẹ̀díẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Akèrègbè kì í rìnrìn àjò. Ó tóbi, ó sì tètè ń fọ́. Nítorí náà, gbogbo etí omi ló ní akèrègbè tirẹ̀ tí àlejò lè lò. Ọ̀pá èémí nìkan ni kálukú ń gbé káàkiri, nítorí ta ló fẹ́ fi ẹnu sí ohun tó ti ẹnu ọ̀pọ̀lọ́ jáde?

Akàn ni ọ̀gá àwọn òmùwẹ̀ ní etí ọ̀sà. Ó ti fẹ́ Àbẹ̀jẹ́ sọ́nà, ọmọ Awọ́nríwọ́n tó ń gbé létí òkun, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta síbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àna nìkan ló kù. Akàn yóò kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọn yóò fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ fún bàbá ìyàwó. Ìjì ti yí òkúta lu àwọn ìgèrè tí Awọ́nríwọ́n fi ń pẹja nísàlẹ̀ òkun. Bí wọ́n bá kó òkúta náà kúrò, Àbẹ̀jẹ́ yóò bá wọn padà sílé.

Akàn lọ sọ́dọ̀ Àkókó, àgbà agbẹ́gi tó ń ṣe ọ̀pá èémí.

"Bàbá, mo fẹ́ ra ọ̀pá tuntun. Ilé àna ni mò ń gbé e lọ."

Àkókó gbé ọ̀pá méjì sílẹ̀. Ìdí ọ̀kan ní ẹ̀mú onígi tó ń fún ọrùn akèrègbè mọ́ra láti òde. Ìdí èkejì ní ìlà tó lọ́ yí i po, wọ́n á yí i wọ inú ẹnu akèrègbè, á sì jókòó síbẹ̀ pinpin.

"Ẹlẹ́mùú ni gbogbo wa ń lò níhìn-ín," ni Àkókó wí. "Ó yá so, ó yá tú, ọ̀sà wa kò sì jìn. Ṣùgbọ́n òkun jìn, omi ibẹ̀ máa ń ti nǹkan gidigidi. Mo gbọ́ pé ayíwọnú ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ìwọ tí o máa ń rìnrìn àjò, ayíwọnú ni kí o mú. N ó gbẹ́ ẹ̀mú kékeré kan tì í fún ọ, tí o bá wà nílé, kí o fi í sórí rẹ̀ kó lè di akèrègbè tiwa mú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ bèèrè lọ́wọ́ àna rẹ. Irú akèrègbè wo ni wọ́n ní?"

Ẹnu Akàn wọ́. Kí òun bèèrè lọ́wọ́ àna? Kí òun ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó pé báwo ni ẹnu akèrègbè yín ṣe rí? Wọn yóò ní òun ń fi ohun ìní wọn wọ́lẹ̀. Tàbí kí wọ́n ní ọ̀gá òmùwẹ̀ tí àwọn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń lò lókun. Ojú rẹ̀ gbóná bó ti ń rò ó.

"Akèrègbè kò ju akèrègbè lọ, bàbá. Ẹ fún mi ní ẹlẹ́mùú."

Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà wá bèèrè èyí tí àwọn yóò rà. Ọ̀pọ̀lọ́ tilẹ̀ fẹ́ ra ayíwọnú, ó ti dì í mú. Akàn rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀pọ̀lọ́, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Ẹlẹ́mùú ni ká rà."

Ọ̀pọ̀lọ́ gbé e sílẹ̀.

Wọ́n dé etí òkun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin. Gbogbo ilé Awọ́nríwọ́n ti tò sórí yanrìn. Akàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìrìn àjò, àna mi," ni Awọ́nríwọ́n wí. "Ẹ wo àwọn akèrègbè níbẹ̀ yẹn. A ti kó afẹ́fẹ́ kún wọn dẹ́nu."

Akàn wò wọ́n. Ọrùn wọn kúrú, ó nípọn, ìlà sì lọ́ yí ẹnu wọn ká nínú. Kò sí ibi tí ẹ̀mú yóò dì mú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó. Òun wo yanrìn.

Ìyá Àbẹ̀jẹ́ rí i. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀: "Ọ̀pá èémí mìíràn wà nínú ilé o, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́."

"Rárá, Màmá. Èyí ti tó," ni Akàn dáhùn kíákíá. Ẹ̀yin ọmọ, kò ju kó sọ pé "ẹ ṣeun" lọ, kò sì lè sọ ọ́.

Ó fi ẹ̀mú há etí akèrègbè, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fún un mọ́ ọn, ó sì wọ omi. Bó ti ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń ti ẹ̀mú náà. Afẹ́fẹ́ ń jò. Ó fún un le sí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ì bá padà sókè, ṣùgbọ́n ó rántí gbogbo ojú tó wà lórí yanrìn, ó sì ń lọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ìgèrè àkọ́kọ́, ẹ̀mú já. Omi ya wọ ẹnu rẹ̀.

Àbẹ̀jẹ́ ló rí i tí omi ń hó ní ojú kan. Ó yí ọ̀pá tirẹ̀ wọ inú akèrègbè, ó bẹ́ sómi, ó sì wọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jáde ní apá. Akàn nà sílẹ̀ lórí yanrìn níwájú bàbá, níwájú ìyá, níwájú ẹgbẹ́, ìfófòó ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ti wú ju èkejì lọ.

Kò sí ẹni tó bú u. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Àbẹ̀jẹ́ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin padà sínú omi, wọ́n sì kó gbogbo òkúta náà kúrò. Ìyàwó ń ṣe ọ̀wẹ̀ ọkọ, àwọn géńdé méje jókòó sórí yanrìn pẹ̀lú ọ̀pá tuntun lọ́wọ́. Ìyá Àbẹ̀jẹ́ gbé oúnjẹ fún wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ kò lè gbé òkèlè sẹ́nu. Akàn ì bá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Nígbà tí Àbẹ̀jẹ́ jáde, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Kí ló dé tí o kò bèèrè?"

"Ojú ń tì mí."

"Mo ti gbẹ́ ayíwọnú kan pa mọ́ fún ọ láti ìgbà òjò," ni Àbẹ̀jẹ́ wí. "Òun ni Màmá ní ó wà nínú ilé."

Akàn dìde. Kò lè wo ojú wọn. Ó fẹ́ yí padà kó máa lọ, ṣùgbọ́n ta ní í kọ ẹ̀yìn sí àna? Kò lè kọjú sí wọn, kò sì gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí wọn. Ó bá fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé èkejì tẹ̀ lé e, ó ń lọ létí omi.

"Àna mi, ẹ padà wá!" ni Awọ́nríwọ́n ń ké. "Kò tíì bàjẹ́ o!"

Àbẹ̀jẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí Akàn gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ́ yanrìn, ó sì kó wọ inú ihò.

Láti ọjọ́ náà ni akàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kan sì tóbi ju èkejì lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́ pé bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, yóò sá wọ ihò. Kì í dúró wò ó bóyá ẹni tó fẹ́ràn òun ló ń bọ̀.