Bí Ìkookò Ṣe Ní Kí Wọ́n Tún Ìbò Kà

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ rèé o.

Àlọ̀, a ti jókòó.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Etu àti Ìkookò, tí wọ́n jọ ń du ipò ọba igbó.

Òkúta ni àwọn ẹranko fi dìbò. Ọ̀bọ kà á, Etu ló wọlé. Ìkookò ní, "Ẹ tún un kà." Wọ́n tún un kà, Etu náà ni. Ìkookò fapá jánú, ó ní òkúta Etu ti rí wẹ́wẹ́ jù, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Orin ni Etu fi dáhùn:

Òkúta ò lẹ́nu o,
*Àwa la dìbò.*
Ẹni tó yàn mí, kó bọ́ sẹ́yìn mi,
*Àwa la dìbò.*

Eyín Ìkookò ń ba gbogbo wọn lẹ́rù. Àparò ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Òkété tẹ̀ lé e, Ẹfọ̀n náà fẹsẹ̀ kilẹ̀ wá, títí ìlà wọn fi dé etí odò. Kò sóhun tó kù lẹ́yìn Ìkookò àfi ìrù rẹ̀.

Ọ̀bọ ní, "Ìkookò, ìwọ náà fojú ara rẹ rí i."

Ìkookò wọ igbó lọ. Ẹfọ̀n gbé Etu sẹ́yìn, ó di ààfin, gbogbo wọn ń jó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí ẹ bá yàn, ẹ má bẹ̀rù àtidúró tì í. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sọ̀ sí.